Abẹ́rẹ́ Ọlọ́sẹ̀ Mẹ́ta àti Omi Ganaja

Inú wa dùn láti sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa, tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti ràn dé ibòmíràn lára, tún ti ń bá wa jókòó ní ìpàdé. Trastuzumab ni orúkọ oògùn tí ó ń gbà. Màmá ló ní kí a kọ èyí fún ànfààní ẹlòmíràn.

Láti 1998 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn náà. Kì í ṣe ti gbogbo jẹjẹrẹ ọmú o. Èyí tí èròjà HER2 pọ̀ jù lára rẹ̀ ni ó ń bá jà, ìyẹn bí 15 sí 20 nínú 100. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ rí i pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún HER2. Oògùn náà ń ti àrùn mọ́lẹ̀ ni, nítorí náà ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín nígbà tí ara bá yá.

Ó lè sọ ọkàn di aláìlágbára. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọkàn kí a tó bẹ̀rẹ̀, àti bí oṣù mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn náà. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tí èémí kò délẹ̀, tí ikọ́ kò jẹ́ kí ẹ sùn, ẹ sáré lọ bá dókítà. Aláboyún kò gbọdọ̀ gbà á. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà á. Ẹ rántí 2012 àti 2022, nígbà tí omi bo ọ̀nà Ganaja tí a ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí omi tó dé, ẹ ti bá dókítà sọ ọ́, kí ẹ sì lọ dé sí ọ̀dọ̀ ẹbí lókè. Bí ọjọ́ abẹ́rẹ́ bá fò, dókítà nìkan ni yóò sọ iye tí ẹ ó gbà.

Oògùn náà wọ́n. NHIA ti bá ilé-iṣẹ́ Roche ṣe àdéhùn láti gbé lára owó rẹ̀. Ẹ béèrè ilé ìwòsàn tí ètò náà wà.

Ẹni tí kò ní owó ọkọ̀ tàbí ẹni tí yóò sìn ín lọ, kí ó sọ fún akọ̀wé wa. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ọlọ́run yóò ṣọ́ wa. Àṣẹ.