Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta, Ìṣirò Èlé Kan

Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń kó ìwé owó wọn kúrò nínú lẹ́jà sínú kọ̀ǹpútà ń pọ̀ sí i. Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a máa bi àwọn akọ̀wé wa: níbo gan-an ni ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ fi ń ṣírò èlé sí?

Ká ní ẹgbẹ́ kan ní ọ́fíìsì ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀. Oníṣòwò kan ní ọjà Alábà yá 200,000 náírà. Èlé jẹ́ náírà 1 lórí 100 lóṣooṣù, yóò sì máa dá 20,000 padà lóṣù fún oṣù 10, yàtọ̀ sí èlé. Bí akọ̀wé Ọ̀jọ́ bá ń gba èlé lórí gbogbo owó tí ó kọ́kọ́ yá títí yóò fi san án tán, èlé yóò jẹ́ 20,000 náírà. Bí ti Ìbà bá ń gbà á lórí gbèsè tí ó ṣẹ́ kù nìkan, 11,000 ni. Náírà 9,000 ni ó wà láàárín wọn! Kò sí olè nínú àwọn méjèèjì. Olúkúlùkù ni ó kọ ìṣirò tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ wà. Láti ìgbà tí E. F. Codd ti ilé iṣẹ́ IBM ti gbé èrò rẹ̀ jáde ní 1970 ni ó ti ṣeé ṣe láti tọ́jú irú àkọsílẹ̀ báyìí sínú àwọn àtẹ tí ó so mọ́ ara wọn: àtẹ ọmọ ẹgbẹ́, àtẹ ẹ̀yáwó, àtẹ owó sísan. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni ó so wọ́n pọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó ń tọ́jú àwọn àtẹ náà fún àwọn yòókù ni à ń pè ní sáfà. Lórí sáfà yìí kan náà ni a lè kọ ìlànà ìṣirò sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a sì sọ ọ́ lórúkọ. Stored procedure ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Oracle ti ní i láti 1992. MySQL, tí ẹgbẹ́ kékeré lè lò láìsan owó, ní i láti 2005. Akọ̀wé yóò kàn pe orúkọ ìlànà náà, yóò fún un ní nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ àti iye tí ó san, sáfà yóò sì ṣe ìyókù.

Èyí tí ó wù mí jù gẹ́gẹ́ bí alábẹ̀wò ni pé a lè fún akọ̀wé láṣẹ láti lo ìlànà náà láìfún un láṣẹ láti fọwọ́ kan àwọn àtẹ fúnra wọn. Kò ní lè dédé pa gbèsè ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ìpàdé. Bí a bá sì kọ ọ́ dáadáa, tí iná bá lọ lójijì, kò ní sí pé a kọ owó sí àtẹ kan, kí a má kọ ọ́ sí èkejì: gbogbo rẹ̀ ni yóò wọlé, tàbí kí ọ̀kankan má wọlé.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó bá wà nínú rẹ̀ yóò kan gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó bá sì lè yí i padà ní agbára ju alága lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí i padà láìsí ìpinnu nínú ìwé ìpàdé. Ẹ fi pẹ́ńsù ṣírò ẹ̀yáwó kan tàbí méjì, kí ẹ fi wé èsì sáfà. Ẹ tẹ ìlànà náà sórí ìwé, kí ẹ fi pa mọ́ pẹ̀lú òfin ẹgbẹ́. (Kí onímọ̀ tí ó kọ ọ́ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún ìgbìmọ̀, bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, ẹ má tíì san owó iṣẹ́ rẹ̀.) Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, ìwé yẹn ni a óò kọ́kọ́ béèrè.