Ohun tí bàálù oníke lè kọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta

Bí èèyàn bá gbé ohun ìṣeré ọmọdé síwájú ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ìlọta jẹun, ó ṣeé ṣe kí onítọ̀hún fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú bàálù agbérapá oníke tí àwọn ọmọ máa ń fọwọ́ tò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ẹlikọ́pítà, ìṣirò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ owó àwọn oníṣòwò kéékèèké láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ìṣirò náà ni bí ẹ̀rọ ṣe ń fi ìyára ra agbára, tó sì tún ń fi agbára ra ìyára.

Ilé iṣẹ́ LEGO tó wà nílùú Billund, lórílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Káfíńtà kan tó ń jẹ́ Ole Kirk Kristiansen ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1932. Lọ́dún 1977, wọ́n gbé oríṣi kan jáde tó ní jíà àti ọ̀pá nínú, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Technic, bàálù agbérapá sì wà lára àwọn àkọ́kọ́. Èyí tó jáde lọ́dún 2022, tí wọ́n wo bàálù gidi Airbus H175 ṣe, ní ẹ̀yà 2,001. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń lo bátìrì ló wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, òun ló ń yí abẹ̀bẹ̀, òun ló ń ká ẹsẹ̀ bàálù sókè, òun náà ló ń fa okùn tí wọ́n fi ń gbé èèyàn. Báwo ló ṣe ń ṣe é?

JÍÀ ŃLÁ, JÍÀ KÉKERÉ

Ìdáhùn rẹ̀ kò ju jíà lọ, ìyẹn kẹ̀kẹ́ eléyín tí eyín ọ̀kan ń ti eyín èkejì. Lára àwọn jíà LEGO, eléyín 8 wà, eléyín 16, 24 àti 40 náà sì wà. Bí ẹ bá fi eléyín 40 ti eléyín 8, ẹ̀ẹ̀kan tí ńlá bá yí, kékeré yóò yí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìyára ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára tó wà lọ́wọ́ kékeré ti dín kù sí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ fi ìka di í mú, ẹ óò rí i pé kò ní ṣòro láti dá a dúró. Bí ẹ bá wá yí ètò náà padà, tí kékeré ń ti ńlá, ìyára yóò dín kù, agbára yóò sì di ìlọ́po márùn-ún, àyàfi díẹ̀ tí eyín tó ń ha ara wọn bá jẹ níbẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Kò sí jíà tó lè fi kún ìyára àti agbára pa pọ̀ látinú ẹ̀rọ kan náà.

BÍ IṢẸ́ ṢE PÍN

Ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ orí nàró, nígbà tí ọ̀pá tó ti ìdí ẹ̀rọ wá dùbúlẹ̀. Jíà méjì tí wọ́n gé eyín wọn ní ìdagẹ̀ẹ̀rẹ̀ ló ń so wọ́n pọ̀, tí wọ́n pàdé bí ògiri méjì ṣe ń pàdé ní kọ̀rọ̀ yàrá. Irú jíà bẹ́ẹ̀ náà ló wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, níbi tí ọ̀pá gígùn tó ti ìdí ẹ́ńjìnnì wá ti ń fún táyà ẹ̀yìn lágbára.

Ọ̀pá mìíràn gba inú ìrù lọ síbi abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn. Nínú bàálù gidi, abẹ̀bẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí abẹ̀bẹ̀ orí sí apá kan, ara bàálù fẹ́ máa yí sí apá kejì. Atẹ́gùn tí abẹ̀bẹ̀ ìrù ń fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kì í jẹ́ kó máa pòòyì.

Ti okùn ló gba ọgbọ́n jù. Jíà kan wà tó rí bíi súkúrúù. Bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, eyín kan péré ló máa ń sún lára jíà tó wà níwájú rẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ́ eléyín 24, súkúrúù gbọ́dọ̀ yí nígbà 24 kí jíà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kékeré fi lè gbé ẹrù tó wúwo. Ohun mìíràn ni pé súkúrúù lè ti jíà, ṣùgbọ́n jíà kò lè ti súkúrúù padà. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ, ibi tí ẹrù dé lórí okùn ni yóò dúró sí.

Láti bọ́ látorí iṣẹ́ kan sí òmíràn, ọ̀pá kékeré kan ni ọmọ máa fi sún jíà síwá tàbí sẹ́yìn, bíi ti jíà ọkọ̀. Bí ọmọ náà bá gbàgbé láti pa ẹ̀rọ lẹ́yìn tí okùn ti ká tán ńkọ́? Oríṣi jíà eléyín 24 kan wà tí àárín rẹ̀ máa ń yọ̀ bí ẹrù bá ti ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ óò máa gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́, ṣùgbọ́n eyín kankan kò ní kán, ẹ̀rọ kò sì ní jó. Iṣẹ́ tí fíúùsì ń ṣe fún iná ló ń ṣe fún jíà.

IBI TÓ TI KÀN YÍN

Púlì àti bẹ́líìtì tó wà nídìí ẹ̀rọ ìlọta yín, ìṣirò kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Dípò kẹ́ ẹ ka eyín, ẹ wọn ìbú púlì. Ká ní ẹ́ńjìnnì yín ń yí nígbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, tí púlì rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4, tí ti ẹ̀rọ ìlọta jẹ́ íǹṣì 8. Ẹ fi 1,500 lọ́nà 4, kẹ́ ẹ fi 8 pín in, yóò jẹ́ 750. Iye ìgbà tí ẹ̀rọ ìlọta ń yí nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀la, púlì íǹṣì 8 fọ́, ẹni tó bá yín tún un ṣe sì fi íǹṣì 4 rọ́pò rẹ̀ torí pé òun ló wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ di 1,500. Ẹ óò kọ́kọ́ máa yọ̀ pé ó ti yára. Nígbà tó bá yá, ẹ́ńjìnnì á fẹ́ máa kú bí ata bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́líìtì á máa jó, bẹ́ríìnì á máa gbóná, owó epo á sì máa lé sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀dí á ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, á sì lọ yá owó ra èyí tó tóbi jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ púlì ni àìsàn wà.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà lọ́dọ̀ àwọn ará Billund yìí. Ní nǹkan bí ọdún 2003 sí 2004, gbèsè àti àdánù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ilé iṣẹ́ wọn lulẹ̀. Lára ohun tó fa á ni pé oríṣi ẹ̀yà tí wọ́n ń ṣe ti pọ̀ jù. Jørgen Vig Knudstorp, tó di ọ̀gá àgbà lọ́dún 2004, dín oríṣi ẹ̀yà náà kù sí bí ìdajì, kí ẹ̀yà kan náà lè máa ṣiṣẹ́ nínú bàálù àti nínú katakata. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ra èyí tó ń lo bẹ́líìtì àti bẹ́ríìnì kan náà, kí ẹyọ kan tẹ́ ẹ fi pa mọ́ lè gba gbogbo wọn sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ tàbí kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún àtúnṣe, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: iye ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rọ yí ní ìṣẹ́jú kan, iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, àti ìbú púlì méjèèjì. Wọ́n sábà máa ń kọ méjì àkọ́kọ́ sára irin pẹlẹbẹ tó wà lára wọn. Ìkẹta kò gbà ju tépù ìdíwọ̀n lọ. Láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn púlì méjèèjì, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹni tó ń bá yín tún ẹ̀rọ ṣe á ti máa rí i.