Dókítà Ń Pè Lórí Fóònù: Ta Ló Tún Ń Gbọ́?

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ìjọba àpapọ̀ kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n lórí fóònù dípò kí wọ́n máa wá. Kónílé-ó-gbélé ti kásẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ìpè náà ò tíì tán. Àwọn ìbéèrè tí èèyàn máa ń béèrè nípa rẹ̀ nìyí.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n ń sá fún wa ni?

Ìdáhùn: Rárá o. A mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ lára yín. Ẹni tí àwọn èèyàn ti ń yẹra fún tẹ́lẹ̀, bí ilé ìwòsàn náà bá tún ní kó má wá, á dà bíi pé wọ́n lé e ni. Ṣùgbọ́n inú èémí ni Kòrónà ń gbà ràn, ẹ sì mọ bí bẹ́ǹṣì ọsibítù ṣe máa ń kún láti àárọ̀ kùtù. Ẹni tí sójà ara rẹ̀ ti dínkù ò yẹ kó jókòó ti ẹni tó ń wúkọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún ọ̀pọ̀ àwọn tí oògùn ti bá lára mu ní oògùn oṣù mẹ́ta, àwọn mìíràn oṣù mẹ́fà, lẹ́ẹ̀kan náà. HIV ò mọ kónílé-ó-gbélé: téèyàn bá dá oògùn dúró, kòkòrò náà á tún máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe rí lára àwọn tí wọ́n ń pè?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ wọn ò papọ̀. Inú àwọn kan dùn. Owó ọkọ̀ dúró sápò, wọn ò sì ní máa bẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́ pé àwọn fẹ́ lọ síbì kan. Olórí ayọ̀ wọn ni pé kò sẹ́ni tó máa rí wọn lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Àwọn kan wà tó máa ń wọkọ̀ kọjá ilé ìwòsàn mẹ́ta kí wọ́n má baà pàdé aládùúgbò.

Ìbànújẹ́ ló jẹ́ fún àwọn mìíràn. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì yẹn nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀ àìsàn yìí láyé. Àwọn mìíràn ní kíá lọ̀rọ̀ fóònù ń tán. Dókítà á ní, “Ara ńkọ́?” Àwọn á ní, “A dúpẹ́.” Ó parí. Àwa Yorùbá gan-an ló ni ẹ̀bi díẹ̀ níbẹ̀, torí “a dúpẹ́” ti máa ń jáde lẹ́nu wa ká tó ronú. Tẹ́ ẹ bá wà níwájú nọ́ọ̀sì, á rí i pé egungun ọrùn yín ti yọ. Fóònù ò lójú. Tí ara ò bá le, ẹ sọ pé kò le.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún 17 ni mí. Wọ́n bí kòkòrò náà mọ́ mi ni, màmá mi mọ̀, àmọ́ àwọn àbúrò mi ò mọ̀. Yàrá kan náà la jọ ń sùn. Tí nọ́ọ̀sì bá pè, kí ni kí n sọ?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí gan-an ló le jù. Nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, ògiri ń gbọ́. Nígbà kónílé-ó-gbélé, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó jáde. Nígbà tó o bá tún lọ, ìwọ àti nọ́ọ̀sì ẹ jọ ṣàdéhùn: aago mélòó lo máa ń dá wà, ṣé ìwọ nìkan lo ń lo fóònù náà? Kó kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé àyè wà?” Tí kò bá sí, sọ pé “ẹ ṣi nọ́ńbà pè,” kó o gé e. Ó ti yé e. O sì lè lọ pọnmi, kó o gba ìpè náà lọ́nà. Sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ dárúkọ àìsàn tàbí oògùn nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Tí ẹlòmíràn bá sì gbé fóònù náà, nọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan fún un. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2014 dáàbò bo àṣírí ẹni tó ní HIV.

Ìbéèrè: Fóònù mi ni wọ́n ń pè fún ọmọ mi. Ṣé kí n máa bá a dáhùn?

Ìdáhùn: Tó bá kéré, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹ gbé fóònù fún un, kẹ́ ẹ jáde. Ọmọ náà lè ti máa fo oògùn, ó lè ti lọ́rẹ̀ẹ́kùnrin. Kò ní sọ ọ́ lójú yín. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì á ní, “Màmá, ẹ dúró síta díẹ̀.” Kò lè lé yín jáde lórí fóònù. Ẹ̀yin lẹ máa lé ara yín.

Ìbéèrè: Kí ni fóònù ò lè ṣe?

Ìdáhùn: Kò lè fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn, nígbà tó bá pé ọdún kan, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Kò lè wọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n fi ń mọ oògùn tó máa lò. Tí ẹ bá ń wúkọ́, tẹ́ ẹ ń làágùn lóru, tẹ́ ẹ sì ń rù, ẹ lọ fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní TB. Òun ló ń pa àwọn tó ní HIV jù. Tí kọ́ńdọ̀mù bá bẹ́, tàbí tí wọ́n fipá bá èèyàn lò pọ̀, kẹ́ni náà má dúró de ìpè kankan. Wákàtí 72 péré ló wà láti bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà tí wọ́n ń pè ní PEP, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó.

Ìbéèrè: Tí mi ò bá fẹ́ ti fóònù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún wọn, kì í ṣe àfojúdi. Ẹlòmíì máa ń lọ lọ́jọ́ ẹ̀jẹ̀ àti ọjọ́ oògùn, kó wá gba ìpè láàárín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ tètè jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Tí wọn ò bá rí yín pè, nọ́ńbà ìbátan tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n máa pè. Ṣé ẹ rántí ẹni tẹ́ ẹ kọ? Ṣé ó mọ̀? Tí kò bá mọ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nígbà tẹ́ ẹ bá tún lọ gba oògùn.