Igi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Sabon Gari ní Kano, tó wọ ọjà lọ ra irú, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ dàrú. Kò ní bá irú wóró nínú ewé, kò sì ní rí irú pẹ̀tẹ̀ nínú abọ́. Dàwàdáwà ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀: ó dúdú, ó gbẹ, ó rí roboto, ó le bí òkò. Àfi kó fọ́ ọ, kó gún un, kó tó dà á sọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òórùn rẹ̀ bá ti ta jáde nínú ìkòkò, àríyànjiyàn parí. Irú ni. Igi irúgbá tó wà lóko Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́ náà ló so ó. Ɗorawa ni àwọn Haúsá ń pè é.

Nílé, a mọ bí igi yìí ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ àdá. Bàbá àgbẹ̀ tó ń ṣán oko ní Òkè-Ògùn á gé èyí tó máa gé, ṣùgbọ́n tó bá kan irúgbá tàbí igi òrí, á yà fún un. Kò sẹ́ni tó gbìn ín, síbẹ̀ ó ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá lọ ká èso rẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ wá bá mi jáde kúrò nílùú Kano.

Ilẹ̀ tó yí Kano ká, oko ni, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dá a. Igbó kò sí níbẹ̀ mọ́, àmọ́ igi wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín jéró àti ọkà bàbà: irúgbá, osè, àjàgbọn, àti èyí tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀, gawo. Ìwà gawo yàtọ̀. Nígbà tí òjò bá dé, tí igi gbogbo ń rúwé, ìgbà náà ni òun ń wọ́wé. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, òun á wá tutù yọ̀yọ̀. Nítorí náà, kì í ṣíji bo ọkà. Ewé tó wọ́ á jẹrà, á di ọ̀rá ilẹ̀. Èso rẹ̀ tó ń bọ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, oúnjẹ ewúrẹ́ àti màlúù ni.

Igi tí àwa ará Sabon Gari mọ̀ jù ni dóńgóyárò tí à ń jókòó sábẹ́ rẹ̀, tí à ń se ewé rẹ̀ mu fún ibà. “Ọmọkùnrin gíga” ni orúkọ náà lédè Haúsá. Àlejò ni òun náà bíi tiwa: Íńdíà ló ti wá, 1928 ni wọ́n sì mú un wọ Nàìjíríà. Ìjọba fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó ń yára dàgbà, ewúrẹ́ kì í sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè so irú, kò sì lè ṣe iṣẹ́ gawo lóko.

Lọ́dún 2007, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà dá iṣẹ́ Great Green Wall sílẹ̀, odi ewéko tí yóò gba nǹkan bíi 8,000 kìlómítà láti Senegal dé Djibouti, láti dí aṣálẹ̀ lọ́wọ́. Òfin tó fìdí àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà múlẹ̀ jáde ní 2015. Kano wà lára ìpínlẹ̀ 11 tó kàn. Ní 2021, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 700 dọ́là fún iṣẹ́ ACReSAL, tó wà fún àtúnṣe ilẹ̀ gbígbẹ, ní ìpínlẹ̀ 19 lókè Ọya àti Àbújá. Owó kò kéré. Àmọ́ ọmọ igi tí ìjọba gbìn lóṣù keje, ta ni yóò bomi rin ín lóṣù kẹta?

Aládùúgbò wa ní Maradi, ní Niger, lẹ́yìn Katsina, ti rí èsì kan. Òfin tí Faransé fi sílẹ̀ níbẹ̀ sọ pé ìjọba ló ni igi, kódà èyí tó wà nínú oko ẹni. Nígbà náà, ẹ̀ṣọ́ igbó máa ń bu owó ìtanràn lé àgbẹ̀. Kí wá ni àgbẹ̀ fẹ́ fi igi ṣe? Ní àwọn ọdún 1980, Tony Rinaudo, ará Australia, kíyè sí i pé ìgbẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń ṣán dànù lóko, ọmọ kùkùté ni: gbòǹgbò igi àtijọ́ ṣì wà láàyè. Àgbẹ̀ á wo kùkùté, á ṣa ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó gún jù, á rẹ́ ọwọ́ wọn, á gé ìyókù ṣe igi ìdáná. Bó ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ dẹwọ́, tí àgbẹ̀ mọ̀ pé òun lòun ni igi òun, nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ilẹ̀ ní Niger ló tún padà hugi láàárín ogún ọdún.

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Bàbá Òkè-Ògùn mọ èyí kí Great Green Wall tó dé. Kí ìjọba tó béèrè iye igi tó gbìn, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olóko èyí tó ti ń hù níbẹ̀, kó sì fi dá a lójú pé tirẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni dàwàdáwà ọ̀la wà, nínú kùkùté kan lẹ́yìn Kano tí àdá kò tíì kàn.