Ẹni Tí Ẹgbẹ́ Fẹ́, Tí Ìlú Ń Kùn Sí: Ǹjẹ́ Ó Lè Wọlé Ìbò?

 

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń jẹ yọ nígbàkigbà tí àsìkò ìbò bá ń súnmọ́lé, ìbáà jẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú. Wọ́n á ní: “Lágbájá ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fẹ́, òun ni ó sì wà níwájú. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń pè é ní bàbá, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wọlé nígbà tí gbogbo ìlú bá jáde dìbò?” Ọ̀rọ̀ yìí ti sọ ọmọ ìyá di ọ̀tá ara wọn nínú ilé púpọ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú sùúrù, kí a fi ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ rí ṣe ẹ̀rí, kí a má fi ìfẹ́ inú tàbí ìkórìíra dáhùn.

Ìbò abẹ́lé kì í ṣe ìbò gbogbogbòò

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé àwọn tí ń yan olùdíje nínú ẹgbẹ́ kì í ṣe gbogbo ìlú. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe ìbò abẹ́lé tirẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ká lára jù lọ ni ó sì máa ń jáde. Ní Nàìjíríà, ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí ó ti kọjá, àwọn aṣojú díẹ̀ ni ó péjọ sí pápá ìṣeré láti yan ẹni tí yóò gbé àsíá ẹgbẹ́.

Ìbò abẹ́lé dà bí ọbẹ̀ tí a sè fún ará ilé. Ata rẹ̀ lè ta bí iná, wọn yóò jẹ ẹ́, nítorí pé ó ti mọ́ wọn lẹ́nu. Ìbò gbogbogbòò dà bí oúnjẹ ọjọ́ wàlímà: àlejò yóò wà níbẹ̀, ọmọdé yóò wà níbẹ̀, ẹni tí dókítà ní kí ó má jẹ ata náà yóò wà níbẹ̀. Bí alásè kò bá ronú kan àwọn wọ̀nyí, oúnjẹ yóò ṣẹ́ kù sínú ìkòkò.

Ohun tí ojú Amẹ́ríkà ti rí

Ní ọdún 1964, ọ̀gbẹ́ni Barry Goldwater borí nínú ẹgbẹ́ Republican. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń jó, ṣùgbọ́n ó ti dìbò lòdì sí òfin tí ó fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní ẹ̀tọ́ wọn ní ọdún náà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Kò wá ọ̀nà láti tu àwọn tí ó borí nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú. Nígbà tí ìbò gbogbogbòò dé, ìpínlẹ̀ mẹ́fà péré ni ó rí mú nínú 50. Ní ọdún 1972, ìyà tí ó jẹ George McGovern ti ẹgbẹ́ Democrat tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, Massachusetts, àti olú ìlú Washington ni ó kù sí i lọ́wọ́.

Nítorí èyí, nígbà tí Ronald Reagan jáde ní ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ni ó rò pé Goldwater mìíràn ti dé. Ṣùgbọ́n Reagan ṣe ohun tí Goldwater kò ṣe. George Bush àgbà, ẹni tí ó bá a du ipò náà kíkankíkan nínú ìbò abẹ́lé, ni ó mú ṣe igbákejì rẹ̀. Ọjà sì ti gbówó lórí nígbà náà, ọkàn àwọn ará Amẹ́ríkà kò sì balẹ̀ nítorí àwọn ènìyàn wọn tí wọ́n há mọ́ ìlú Iran. Reagan gba ìpínlẹ̀ 44.

Ní ọdún 2016, àwọn méjèèjì tí ó kojú ara wọn ni ìlú ń kùn sí. Hillary Clinton fi ìbò tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ju Donald Trump lọ, ṣùgbọ́n Trump ni ó di Ààrẹ, nítorí pé àpapọ̀ ìbò kọ́ ni wọ́n fi ń yan Ààrẹ níbẹ̀, bí kò ṣe ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀. Trump gba 304, Clinton gba 227. Trump yìí kan náà ni Joe Biden borí ní ọdún 2020, òun náà ni ó sì tún borí Kamala Harris ní ọdún 2024. Ìwà rẹ̀ kò yí padà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò yí padà, síbẹ̀ ó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti olùdíje nìkan lọ.

Jos, ọdún 1993

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti ń gbé Jos láti ọjọ́ pípẹ́ yóò rántí oṣù kẹta ọdún 1993, nígbà tí ẹgbẹ́ SDP kóra jọ sí ìlú yín láti yan olùdíje. Olóògbé Alhaji Moshood Abíọ́lá ni ó borí Baba Gana Kingibe àti Atiku Abubakar níbẹ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti Kingibe kò sì tó nǹkan.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìfẹ́ tí a ní sí Abíọ́lá lónìí mú wa gbàgbé bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti rí nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọmọlẹ́yìn Olóyè Awólọ́wọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni ó ń bínú sí i, nítorí pé inú ẹgbẹ́ NPN ni ó wà nígbà ìṣèjọba alágbádá kejì, ìwé ìròyìn Concord rẹ̀ sì bá Awólọ́wọ̀ fà á gidigidi. Àwọn Krìstẹ́nì kan náà ń fura sí i, nítorí pé òun ni Bàbá Àdínnì ilẹ̀ Yorùbá. Ó wá mú Kingibe, Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, ṣe igbákejì. Bashir Tofa ti ẹgbẹ́ NRC ní tirẹ̀ mú Sylvester Ugoh, Krìstẹ́nì ọmọ Igbo. Lójú ẹni tí ó ń fi ẹnu lásán ṣírò, Tofa ni ó gbọ́n jù.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, Abíọ́lá gba ìbò 8,341,309, Tofa gba 5,952,087. Kódà, Abíọ́lá borí ní Kánò, ìpínlẹ̀ Tofa gan-an. Kí ni ó fà á? Ẹni tí ó borí ní Jos ni ó nawọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí Reagan ti ṣe. Lọ́nà kejì, fún ọdún púpọ̀ ni ó ti ń ná owó rẹ̀ sórí ilé ẹ̀kọ́, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì láìwo ẹ̀yà, àwọn ènìyàn sì ti mọ̀ ọ́n kí ó tó wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wọn. Pé wọ́n fagi lé ìbò náà kò pa òtítọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Ọ̀gágun Babangida fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé Abíọ́lá ni ó wọlé.

Ọdún 2023

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, Mùsùlùmí méjì tún jọ jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, Aṣíwájú Bọ́lá Tinúbú gba ìbò 1,271 nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ APC ní Àbújá. Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, gba 235. Nígbà tí Aṣíwájú sì mú Kashim Shettima ṣe igbákejì rẹ̀, ariwo sọ káàkiri. Ẹgbẹ́ àwọn Krìstẹ́nì fárí gá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Krìstẹ́nì ni ìyàwó olùdíje náà.

Ó wọlé. Ìbò 8,794,726 ni wọ́n kà fún un. Atiku Abubakar ní 6,984,520, Peter Obi ní 6,101,533. Bí ẹ bá ro ti àwọn méjèèjì yìí pọ̀, ẹ óò rí i pé ó ju ti ẹni tí ó wọlé lọ dáadáa. Inú ẹgbẹ́ PDP kan náà ni Atiku, Obi àti Kwankwaso wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó túká. Aṣíwájú pàdánù Èkó pàápàá sọ́wọ́ Obi. Èyí tí ó sì dùn wá jù ni pé nínú àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 93 tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, àwọn tí ó jáde dìbò kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Kí ni a rí kọ́?

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó lè gba ọ̀nà Abíọ́lá, kí ó nawọ́ sí àwọn tí ó borí, kí ìwà rẹ̀ àtijọ́ sì bá a bẹ àwọn tí ń fura. Ó lè wọlé nítorí pé ebi ń pa ìlú, wọ́n sì fẹ́ ẹlòmíràn. Ó sì lè wọlé nítorí pé àwọn alátakò rẹ̀ fọ́n ká. Ìdí nìyí tí òfin wa fi ní kí ẹni tí yóò di Ààrẹ ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ìpínlẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ nìkan jọba lé gbogbo wa lórí.

Ọ̀nà tí olùdíje gbà wọlé ni yóò sọ irú ilé tí yóò bá níbẹ̀. Ẹni tí ó fi ìyapa àwọn ẹlòmíràn wọlé kò tíì parí iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún un ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkàn àwọn tí kò dìbò fún un.

Àwa ńkọ́?

Ẹ̀yin ará wa, orúkọ Mùsùlùmí tí olùdíje ń jẹ́ kò tó láti fi dìbò fún un. Ohun ìfọkàntán ni ipò àṣẹ, Suratun-Nisā’i, āyà 58, sì pa á láṣẹ fún wa pé kí a fi í lé ẹni tí ó tọ́ sí lọ́wọ́. Bákan náà, Suratul-Mā’idah, āyà 8, kọ̀ fún wa pé kí ìkórìíra àwọn kan mú wa ṣe àìdọ́gba. Ẹ̀kọ́ méjèèjì ni ó yẹ kí ó bá wa dé ibi àpótí ìbò. Nígbà tí wọ́n yan Abu Bakr, ó bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà bí òun bá ṣìnà. Ẹni tí ó gba ipò, tí ó sì tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun wí, irú rẹ̀ ni kí a máa wá.

Kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti inú jamáà wa. Bí a bá yan alága tàbí akọ̀wé, ṣé a máa ń pe àwọn tí kò rí ipò gbà, kí a fún wọn ní iṣẹ́ ṣe, àbí a máa ń jẹ́ kí wọ́n lọ dá àsàlátù tiwọn sílẹ̀ ní òpópónà kejì? Nínú ilé ńkọ́? Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ìbò ń wáyé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín ni ẹ̀gbọ́n yín títí ọjọ́ ayé. Bí olùdíje yín bá wọlé, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí tirẹ̀ kò wọlé. Bí tiyín bá sì fìdí rẹmi, ẹ má kọ̀ láti dáhùn sàlámà arákùnrin yín.

Kí Ọlọ́hun fi olórí tí yóò tu gbogbo wa lára jíǹkí wa, kí Ó má jẹ́ kí ìbò tú ilé wa ká. Āmīn.