Odò Ọ̀pàrà: Omi Kan Láàárín Orílẹ̀-Èdè Méjì

Bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ Okokomaiko, kò ní pẹ́ gbọ́ igbe àwọn tí ń pèrò sọ́kọ̀: “Bádágìrì! Sẹ̀mẹ̀!” Lójú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gba Ọ̀jọ́ àti Ìbà kọjá ní ilẹ̀ Àwórì, Sẹ̀mẹ̀ ni ààlà Nàìjíríà, níbi tí àwọn aṣọ́bodè ti ń yẹ ẹrù wò. Ṣùgbọ́n ààlà náà kò parí síbẹ̀. Ó gba inú igbó lọ sí ìhà àríwá, ó kọjá Kétu, títí ó fi kan odò tí púpọ̀ nínú ará Èkó kò fojú kàn rí. Odò Ọ̀pàrà ni.

Ilẹ̀ Ìbàrìbá ni odò yìí ti ṣàn wá, ó sì lọ pàdé odò Wẹ̀mẹ̀. Ní apá kan ìrìn rẹ̀, òun gan-an ni ààlà. Ṣábẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí à ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975. Òkè-Ògùn, lápá Ṣakí, wà ní ìlà-oòrùn.

Pèrègún ni àwọn baba ńlá fi ń pààlà oko, aládùúgbò méjèèjì a sì mọ̀ sí i. Ti odò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹjọ, ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé pínpín ilẹ̀ ní Párísì. Ọba Yorùbá kankan kò bá wọn jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni Oníṣábẹ̀ àti Alákétu, ọmọ Odùduwà, ṣe bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Aláàfin bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Àṣà kò mọ ìwé ìrìnnà. Ní bèbè méjèèjì, à ń sọ ọmọ lórúkọ, à ń kí àgbà pẹ̀lú ìtẹríba, à sì ń fi oríkì wú ọmọ lórí.

Ilé-ìwé ni ewu wà. Faransé ni èdè ẹ̀kọ́ lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì ni lápá kejì. Yorùbá pàápàá ti di àkọtọ́ méjì: ẹni tí ó kọ “ẹ” àti “ọ” ní Nàìjíríà yóò bá “ɛ” àti “ɔ” pàdé ní Bẹ̀nẹ̀, “p” yóò sì di “kp”. Orúkọ odò náà ni ẹlẹ́rìí: Opara níhìn-ín, Okpara lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ ohùn kan náà ni.

Omi kò lè ya iyèkan. Àìlèka ìwé ara ẹni ni ó lè yà wọ́n. Olùkọ́ tí ó bá fi àkọtọ́ méjèèjì han akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti bá wọn la odò náà kọjá. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ.