Àbíkú àti Ìpín Ẹ̀jẹ̀ Bàbá àti Ìyá

Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ tí ó yí Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti òkè Mápó ká ní Ìbàdàn, orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́ kò ṣàjèjì. Ẹkún ìyá ni ó bí wọn. Oríṣiríṣi àìsàn ni ó ń pa ọmọ tí a ń pè ní àbíkú, ibà pàápàá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, fòníkú-fọ̀ladìde, ti ara òbí méjèèjì wá. Ní ọdún 1949 ni James Neel ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn.

Okùn ìjogún 46, tí à ń pè ní kírómósóòmù, ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ní méjì-méjì. Bí àtọ̀ àti ẹyin bá gbé 46 lọ́kọ̀ọ̀kan, 92 ni ìbá kan ọmọ. Nítorí náà, nígbà tí ara bá ń ṣe wọn, okùn kọ̀ọ̀kan a di ìlọ́po méjì, a wá ìkejì rẹ̀ rí, wọn a dìrọ̀ mọ́ra, wọn a ṣe pàṣípààrọ̀ ẹ̀yà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọn a pínyà lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi ku 23. Máyósíìsì ni orúkọ ìpín yìí. Orí okùn kọkànlá ni A tàbí S wà. Ìdajì àtọ̀ ọkùnrin AS gbé A, ìdajì gbé S. Ẹyin obìnrin AS náà lè gbé èyíkéyìí.

Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo funfun sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó pọ́n ti rí irú rẹ̀: lórí àgbàdo kan ṣoṣo, hóró kan funfun, èkejì pọ́n; ọ̀kan kò bi èkejì léèrè.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya AS ti ń ṣìnà. Wọ́n gbọ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́rin ni yóò jẹ́ SS, wọ́n sì rò pé bí ọ̀kan bá ti dé, mẹ́ta tí ó kù bọ́. Rárá o! Oyún kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣẹ́ kèké tuntun. Ilé kan lè bí mẹ́rin láìrí ọ̀kan, kí òmíràn bí mẹ́ta léra.

Ẹni tí ó jẹ́ AS kì í sábà ṣàìsàn, ibà kì í sì í tètè pa á. Ìdí nìyí tí S fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ìjọ a máa béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó kéde ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n nígbà náà a ti ra aṣọ tán. Kí àyẹ̀wò ṣáájú ìtọrọ ìyàwó ni ó sàn. Ọmọ SS tí ó ti wà nílé, kí ó máa mu omi púpọ̀, kí ó sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, kí òtútù má ṣe mú un. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.